Ìlà Funfun Kan Lójú Tẹlifíṣọ̀n Màmá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ìtàn àwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè ṣe kí n má fi ẹnu kan èdè díẹ̀ bí mo bá ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni: ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà ní yàrá àti ní ilé ìdáná, tí wọ́n ń gbó bí àwa náà ṣe ń gbó.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, tẹlifíṣọ̀n màmá mi ní Ìbàdàn dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò kú tán o. Ohùn ń jáde ketekete bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán ti ká jọ, ó di ìlà funfun kan ṣoṣo tó la ojú rẹ̀ já láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Kó tó di pé mo gbọ́, màmá ti jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń gbọ́ ìròyìn láti ẹnu ìlà.

Tẹlifíṣọ̀n yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1995 ni bàbá mi rà á ní Dùgbẹ̀, nígbà tí wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wá-lónìí-wá-lọ́la. Ọ̀kan nínú àwọn onídìí ńlá wọ̀nyẹn ni, tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe géńdé méjì, kò sí ẹni tó lè gbé e. Bàbá ti di olóògbé láti ọdún 2009. Láti ìgbà náà ni màmá ti ń dá jókòó níwájú rẹ̀, lórí àga kan náà, ó sì mọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ láìwojú, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin forí korí lórí fóònù. Àǹtí mi tó ń gbé ní London, tó jẹ́ àgbà wa, ló kọ́kọ́ fọhùn: "Ẹ bá mi gbé pósí yẹn jù nù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lọ ra èyí tó fẹ́lẹ́ fún màmá. Èmi á san ìdajì." Kò sí ẹni tó ta kò ó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, mo ti lọ wo ọjà: 150,000 náírà ni wọ́n pe oní-ínǹṣì 32. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé èmi ni mò ń gbé ní Ìbàdàn, èmi náà ni wọ́n rán sí màmá.

Màmá gbọ́ mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé mò ń wá tẹlifíṣọ̀n? Mo ní tẹlifíṣọ̀n. Ara rẹ̀ ni kò yá. Lọ bá mi pe Bàbá Ìbejì wá."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè, ẹ gbọ́ o: ara rẹ̀ ni kò yá. Ó pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí i pé bí a ti ń sọ̀rọ̀ ènìyàn náà ni a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. A ní rẹdíò ti kú, a ní ó ti jí. A ní fáànù ń ṣòjòjò. Ẹni tó bá sì wá wò ó, a ó bi í pé kí ló ń ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an tí a ń pè ní "tún ṣe", ọ̀rọ̀ méjì ni: "tún", pé lẹ́ẹ̀kan sí i, "ṣe", pé kí a ṣe é. Ẹni tó bá tún rẹdíò ṣe ti ṣe rẹdíò náà lẹ́ẹ̀kejì. A ń tún ilé ṣe, a ń tún ìwà ṣe, a sì ń tún ọ̀rọ̀ ṣe bí a bá ti ṣì í sọ. "Pààrọ̀" kò ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ojú ọjà ni èmi ti sábà máa ń bá a pàdé.

Ohun mìíràn tún pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìjọba àwọn òyìnbó gbé Rediffusion dé Èkó ní ọdún 1935, tí wọ́n ń fi wáyà so àpótí kékeré mọ́ inú ilé àwọn tó ń sanwó oṣooṣù, àwọn bàbá wa wò ó pé ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì ṣùgbọ́n kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ní Ìbàdàn, ó sì di dandan kí a wá orúkọ fún àpótí tuntun tó ń mú ohùn, tó tún ń mú àwòrán. Amóhùnmáwòrán ni. Tẹlifíṣọ̀n màmá wá rin ìrìn náà padà sẹ́yìn: ó ti sọ àwòrán nù, ohùn nìkan ló kù fún un. Amóhùnmáwòrán ti padà di asọ̀rọ̀mágbèsì.

Mo lọ pe Bàbá Ìbejì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1983 tó ti gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Màmá mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "ìwọ" ni màmá ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí: òkú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tò léra wọn kan àjà, àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so rọ̀ bí ẹran gbígbẹ, agolo mílíìkì tó kún fún bọ́tìnnì àti ìṣó onílà, eruku, àti òórùn òjé yíyọ́. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹrù tó bá ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ, kí olówó rẹ̀ má ṣe bi òun mọ́. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ló ń tà wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mò ń wò yìí, àwọn tó ni wọ́n ti lọ ra òmíràn, ojú sì ń tì wọ́n láti wá sọ ọ́; àwọn kan tilẹ̀ ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí wọ́n má baà pàdé òun. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara wọn ni mo fi ń wo àwọn yòókù sàn," ló wí.

Nígbà tó dé ilé, ó fọwọ́ kanlẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Màmá."

"O káre, Bàbá Ìbejì. Wá bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní kí n jù ú nù."

Ó wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe lẹ́yìn tó ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà ni pé ó so ẹnu wáyà kan mọ́ irin ara rẹ̀, ó so ẹnu kejì mọ́ ọrùn sùkúrúdíráfà, ó sì ti sùkúrúdíráfà náà bọ abẹ́ fìlà rọ́bà tó wà lẹ́yìn ìgò ńlá inú rẹ̀. Ó dún pá! Mo fò sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí a bá tilẹ̀ ti yọ irú tẹlifíṣọ̀n yìí kúrò lára iná, iná tó lé ní 20,000 fóòtì ṣì lè sùn sínú ìgò náà. "Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá gbọ́ tẹnu ọ̀gá, ibí yìí ló ti ń gbọ́."

Ó wá kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìgò náà, ìtànṣán ló ń ya àwòrán, bí ẹni ń fi kálàmù kọ̀wé: á fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún, á bọ́ sí ìsàlẹ̀, á fa òmíràn, títí ìlà 625 yóò fi pé, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀yà kan ló ń fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yà mìíràn ló ń fà á wá sí ìsàlẹ̀. Bí èyí tó ń fà á wá sí ìsàlẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, kálàmù náà kò ní lè kúrò lójú kan mọ́. Orí ìlà kan ṣoṣo ni yóò máa kọ gbogbo ìwé sí. Ohun tí màmá ti ń wò fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn: odidi ìròyìn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, lórí ara wọn.

Ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì fi hàn mí. Lórí pánẹ́ẹ̀lì náà, nǹkan dúdú kan wà bíi kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní áísì; òjé tó di ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ti là, ó yí i ká bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́. Gbígbóná àti títutù ọdún 29 ló fa ìyẹn, pẹ̀lú iná NẸ́PÀ tó ń wá tó sì ń lọ. (NẸ́PÀ ti di PHCN ní 2005, wọ́n sì ti pín in tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní 2013, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹni tó ń pè é ní orúkọ mìíràn ní Ìbàdàn.) Ó yọ́ òjé tuntun sí i, ó sì pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì tí orí wọn ti wú. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àwòrán là wàà. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. 7,500 náírà ni Bàbá Ìbejì gbà.

Ó kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kì í ṣe ara tẹlifíṣọ̀n náà ló ń ba òun lẹ́rù, bí kò ṣe àpótí dikódà tó ń gbé àwòrán wá fún un. Ti màmá ṣì ní ihò mẹ́ta fún wáyà olórí pupa, funfun àti ìyeyè. Àwọn tuntun kan ti ń wá láìní ihò wọ̀nyẹn. Mo bi í nípa ọmọ iṣẹ́. Ó ní èyí tó kẹ́yìn kò dúró pé ọdún kan. Ó ti lọ sí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ó ń tún fóònù ṣe. "N kò lè bá a wí. Ta ni yóò gbé èyí wá bá a?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun pe London. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Màmá yí i padà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ lè ní aṣọ tó tèmi o, àkísà yín ni kò lè tó tèmi." Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù èmi àti òun, ó sọ̀rọ̀ kan tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní Peckham tí òun ń gbé kún fún Yorùbá, ṣùgbọ́n òun kò ì tíì rí Bàbá Ìbejì kan níbẹ̀. Owó tí wọ́n yóò gbà lọ́wọ́ òun kí ẹnì kan tó wá yẹ ẹ̀rọ ìfọṣọ wò lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tuntun. Kì í ṣe pé òun fẹ́ràn àtimáa ju nǹkan nù.

Òótọ́ ni. Ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ wa níbí ni wákàtí ènìyàn. Ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́hùn-ún ni ẹrù. Àwọn náà sì ti ń rí i pé ó ń ná wọn ní nǹkan. Ní ọdún 2009, obìnrin kan tó ń jẹ́ Martine Postma bẹ̀rẹ̀ ohun tó pè ní Repair Café ní Amsterdam, níbi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti ń bá àwọn aládùúgbò tún nǹkan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti tàn ká. Láti oṣù keje ọdún 2021, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn tó ń ṣe fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìfọṣọ máa pèsè ẹ̀yà ara wọn fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ́kun títà wọn. Ìparapọ̀ Yúróòpù náà fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe ní ọdún 2024. Nígbà tí mo ka èyí fún Bàbá Ìbejì, ó béèrè pé ṣé dandan ni kí ìjọba tó sọ fún ènìyàn pé kó ta bọ́tìnnì fún oníbàárà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àǹtí mi àti ti Bàbá Ìbejì ti pàdé ni ọ̀rọ̀ "tòkunbọ̀". Ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni: ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wá sílé. Àwa la fà á dé orí ọkọ̀ àlòkù, a sì fà á dé orí fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti lò tì. Orúkọ oríire ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ti òkun bọ̀ ló bọ̀ láàyè. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde nípa kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tó ń wọ Èkó: nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 lóṣù kan, àwọn oníṣòwò níbẹ̀ sì sọ fún wọn pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ti rìn dé ẹ̀yìn ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ yóò ti gbóòórùn ibi tí èyí tó kù ń gbà lọ. Wọ́n ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀. Ìgò ńlá irú tẹlifíṣọ̀n màmá, òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀. Bí ó bá fọ́ sórí ilẹ̀, ibẹ̀ ló ń wà. Ní gbogbo ayé ní ọdún 2022, irú pàǹtírí yìí tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, èyí tí a sì lè fi àkọsílẹ̀ hàn pé wọ́n kó jọ tí wọ́n tún lò bó ti yẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Síbẹ̀, láìsí àwọn òkú wọ̀nyẹn, níbo ni Bàbá Ìbejì yóò ti rí ẹ̀yà ara fún tẹlifíṣọ̀n ọdún 1995?

Ìbá dára kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí, kí ẹ máa yìn mí pé mo gbọ́ ti màmá mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà kó sí mi lórí. Mo di oníwàásù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ra nǹkan tuntun, màá ní ẹ mú un lọ fún àtúnṣe.

Ní oṣù kejì, fíríìjì màmá náà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ọdún 2003 la rà á. Àǹtí mi ní kí a ra tuntun. Èmi ni mo kọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Ìbejì sọ fún mi gbangba pé fíríìjì kì í ṣe iṣẹ́ òun. "Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n o, àbúrò. Gáàsì kì í ṣe rẹdíò." Mo wá ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní gáàsì ti tán, ó rọ òmíràn sí i: 25,000 náírà. (Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Bó bá ti dín, ibì kan ló ń jò, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n dí. N kò mọ̀ nígbà náà, n kò sì béèrè.) Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi kọ̀mpùrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ sí i: 45,000. Lẹ́ẹ̀kẹta, tẹmosítáàtì ló bàjẹ́, ìyẹn ohun tó ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé otútù ti tó, kó sinmi. Kò rí òmíràn rà lọ́jọ́ náà. Ó gé wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀ tààrà, ó sì gba 5,000. Kó tó lọ, ó ní kí a máa yọ ọ́ kúrò lára iná lálẹ́, nítorí pé kò sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

N kò sọ fún màmá. Mo gbàgbé ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé iná tí a ń rí kì í ju wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lóòjọ́. NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ni tẹmosítáàtì wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele A láti náírà 68 sí 225 lórí yúnìtì kan, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Àdúgbò màmá wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa ń pariwo owó, a sì ń dúpẹ́ iná. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ro ti fíríìjì tí kò mọ bí a ti ń sinmi.

Ó ti pẹ́ tí màmá ti ń bá àtọ̀gbẹ fínra, ínsúlínì ló sì ń gún lójoojúmọ́. Inú fíríìjì ni wọ́n ń fi èyí tí a kò tíì ṣí pamọ́ sí, ní ibi tí otútù rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sì gbọdọ̀ dì, nítorí pé bó bá ti dì, kódà kó tún yọ́ padà, agbára rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Nítorí bí owó oògùn ṣe ń gun òkè, mo ti ra ti oṣù mẹ́ta pa pọ̀, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún, màmá bá gbogbo ìgò kéékèèké náà tí wọ́n dì gbagidi. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kó wọn sórí tábìlì títí wọ́n fi yọ́, ó sì ń gún un lọ. Lójú tirẹ̀, omi tó dì tó sì yọ́ padà, omi náà ni.

Ní ọjọ́ kẹfà, aládùúgbò wọn pè mí ní agogo kan òru. Nígbà tí a dé ọsibítù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kọ 486. Màmá ń pe orúkọ bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ Yorùbá sọ dáadáa, fi pẹ̀lẹ́ bi màmá pé, "Màmá, ibo lẹ ń fi oògùn yín pamọ́ sí?" Màmá ní, "Inú fíríìjì. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni." Bó ti sọ ọ́ dà bíi pé ó ń fi mí yangàn.

Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ẹni tó so wáyà náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi. Ohun tó ṣe kò dára, ó sì sọ pé kò dára. Èmi ni mo ń ṣírò náírà. Nígbà tí mo sì ṣírò rẹ̀ dé òpin, 75,000 ni mo ná lórí fíríìjì náà, láìka owó ọsibítù mọ́ ọn. Ohun tí n kò fi kún ìṣirò rí ni pé tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́ ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀; ìlà funfun ni, kò sí ẹni tí kò ní rí i, bí kò bá sì rí iṣẹ́ ṣe mọ́, màmá kàn máa gbọ́ ìròyìn láìrí i ni. Fíríìjì yẹn bàjẹ́, ó sì ń tutù lọ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ohun kan náà ni mò ń pè ní àtúnṣe fún méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ti yìn fún yín ní òkè yìí.

A ra fíríìjì tuntun. 320,000 náírà, àǹtí mi san ìdajì bó ti ṣèlérí, kò sì sọ fún mi pé "ṣé o rí i?" títí di òní, ìyẹn sì ń dùn mí ju bó bá ti sọ ọ́ lọ. Bàbá Ìbejì wá kí màmá kú ewu. Ó tẹ̀ ba lẹ́yìn fíríìjì tuntun náà, ó wo pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù bò mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní ẹni tó ṣe èyí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní kí màmá máa lò ó o, ó dára. Màmá ń lò ó. Síbẹ̀, ìgò oògùn tó bá ń gún lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ àmù amọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e sí, nínú kọ́ọ̀bù, níbi tó tutù díẹ̀. Ó ní àmù kì í gba iná, kì í sì í dì.

Tẹlifíṣọ̀n náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti fíríìjì àtijọ́, Bàbá Ìbejì bá mi pe ẹnì kan tó yọ kọ̀mpùrẹ́sọ̀ àti bàbà ara rẹ̀ lọ, tó sì san 12,000 náírà. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé ara rẹ̀ tó kù lọ pẹ̀lú, màmá kò gbà. Ó ní kí n fi omi àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ páànù. Èlùbọ́ ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ̀wà wà ní àárín, gààrí sì wà níbi tí yìnyín ń wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń pa dé dáadáa, eku kò rí i wọ̀.